Àwọn Ẹyẹ Tó Padà Sára Agbádá

Ijó ni Ashraf ń jó nígbà tí Fadilah kọ́kọ́ fojú kàn án, bẹ́ẹ̀ kò sí orin kankan níbẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù Mùtíù tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ní Mowe ni, lọ́sàn-án gangan, tí oòrùn ń ta lórí páànù. Ọkùnrin gíga kan, adúmáradán, dúró láàárín tábìlì méjì tí kọ̀m̀pútà kún orí wọn. Ó na ọwọ́ sókè, ó ń gbọn èjìká, ó ń fi ẹsẹ̀ kan fò. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ débi pé Fadilah gbàgbé ohun tó bá wá.

"Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe wọ́n?" ló bi Mùtíù.

Mùtíù ò tilẹ̀ gbójú kúrò lára fóònù tó ń tú. "Kò sí nǹkan tó ṣe é. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí nǹkan ẹ̀ bá ti wọ́ọ̀kì."

Ọkùnrin náà gbọ́ ohùn obìnrin, ó yíjú, ó rí i, ṣùgbọ́n kò dá ijó dúró. "Sister, ẹ wá wò ó! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi yọ̀, Mùtíù kì í bá èèyàn yọ̀."

Kọ̀m̀pútà kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Windows, òmíràn jẹ́ Linux, fóònù Android kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwòrán ewúrẹ́ kan náà ló wà lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkùnrin náà jókòó, ó ya fìlà lé ewúrẹ́ kọ̀m̀pútà àkọ́kọ́ lórí. Kí Fadilah tó ṣẹ́jú, ewúrẹ́ inú fóònù ti dé fìlà, ti inú kọ̀m̀pútà kejì náà sì ti dé tirẹ̀.

"Ẹ rí i? Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n o!"

"Mo rí i," ni Fadilah wí. Ó fẹ́ pa ẹ̀rín náà mọ́ra, kò ṣeé pa mọ́ra. "Ẹ kú oríire. Ewúrẹ́ yín ti di Alhaji."

Ashraf rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sójú rẹ̀. Mùtíù pàápàá rẹ́rìn-ín.

Fíláàṣì tó wà lọ́wọ́ Fadilah ló kú, òun ló ní kí Mùtíù bá òun jí. Ọmọ Alhaji Sàlàkọ́ ni, oníṣẹ́ mọnogíráàmù tí gbogbo Ifo mọ̀, tó ń fi ẹ̀rọ rán ọnà sára agbádá àti fìlà. Àwọn ẹ̀rọ ńlá wà lọ́dọ̀ bàbá ní Ifo. Ní Ibafo ni Fadilah ń jókòó sí, ìyá rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnnì níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun ń fi kọ̀m̀pútà ya ọnà tí ẹ̀rọ bàbá rẹ̀ máa rán. Ọnà tó bá ti yà tán, inú fíláàṣì ló ń kó o sí, á wá fà á lé awakọ̀ lọ́wọ́. Fíláàṣì ti sọnù rí. Òjò ti pa á rí. Awakọ̀ kan tilẹ̀ gbàgbé ẹ̀ sápò, ó gbé e dé Abẹ́òkúta.

"WhatsApp ńkọ́?" ni Ashraf béèrè.

"A ti gbìyànjú ẹ̀. Oníbàárà á ní kí n tún ibí ṣe, kí n tún ọ̀hún ṣe. Kí n tó parí, ọnà kan náà ti di oríṣiríṣi lójú fóònù bàbá mi, wọn ò sì ní mọ èyí tó kẹ́yìn. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kì í ṣe tẹ́tẹ́."

Ashraf fi àtẹ́lẹwọ́ lu tábìlì. "Sister, ẹ̀yin gan-an la tìtorí ẹ̀ ṣe é!"

Ó wá ṣàlàyé. Àjọpín ni orúkọ irinṣẹ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ kan rí bákan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ yòókù, kí àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe síbí máa hàn lọ́hùn-ún. Òun àti àwọn kan tó fọ́n káàkiri ayé ni wọ́n jọ ń kọ ọ́. Ọ̀fẹ́ ni, gbangba ni kóòdù rẹ̀ sì wà, ẹni tó bá fẹ́ lè tú u wò, kó tún un ṣe. Iṣẹ́ Ashraf nínú wọn ni dídi irinṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹrù kan náà ni, ṣùgbọ́n bí ọlọ́kadà ṣe ń di ẹrù kọ́ ni onítírélà ń di tirẹ̀. Windows ní tirẹ̀, Linux ní tirẹ̀, fóònù ní tirẹ̀. Bí ó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń dán, ọwọ́ rẹ̀ kò sì dúró sójú kan.

Fadilah ń gbọ́, àmọ́ ká má parọ́, ojú tó ń dán yẹn ló ń wò jù.

Lọ́jọ́ kejì, kí ó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù tán, Ashraf ti dúró síwájú ilẹ̀kùn pẹ̀lú báàgì kọ̀m̀pútà lẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Alhaja Kúlúsúmù, ìyá Fadilah, ó sì wọlé lọ sídìí iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ń tẹ èyí, wọ́n ń tẹ tọ̀hún, wọ́n ń jà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, Alhaja ń to òwú, ó ń wo ọmọ rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Níbo lẹ ti pàdé?"

"Ó ń jó ni, Mọ̀mí."

"Ijó?" Alhaja fi ọwọ́ bo ẹnu. "Aya tí a fẹ́ lójú ijó, wọ́n ní ìran ni yóò wò lọ. Ti ọkọ ni wọn ò sọ fún wa."

"Mọ̀mí! Ta ló dárúkọ ọkọ?"

"Èmi kọ́. Ojú ẹ ni."

Kọ̀m̀pútà Ibafo gba Àjọpín wẹ́rẹ́. Ti Ifo ló ṣorí kunkun. Windows àtijọ́ ni, ògbólógbòó tó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ bí wọ́n bá tàn án, gbogbo ìgbà tí Ashraf bá sì gbé irinṣẹ́ náà sí i ló ń pọ̀ ọ́ padà. Ashraf àti Fadilah jọ wọkọ̀ lọ sí Ifo, wọ́n padà, wọ́n tún lọ. Ashraf á gé nǹkan kan kúrò, á tún un dì, á ní "Ó ti gbà á báyìí!" Ẹ̀rọ á ní òun ò gbà. Alhaji Sàlàkọ́ á máa wò ó látìdí ẹ̀rọ mọnogíráàmù rẹ̀, á mi orí.

"Ọmọkùnrin yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáwọ́," ló sọ fún Fadilah. Fadilah mọ̀ pé bàbá òun kì í fi irú ọ̀rọ̀ yẹn yin ẹni tí kò bá wù ú.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n dúró ra àgbàdo sísun lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fàdà. Ashraf ń yí tirẹ̀ lọ́wọ́, kò jẹ ẹ́.

"Mo ti di irinṣẹ́ yìí fún oríṣiríṣi ẹ̀rọ," ló wí. "Kò sí èyí tí mò ń lọ wò lójoojúmọ́ àfi kọ̀m̀pútà Ibafo."

"Ṣé kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Kí lẹ wá ń wá níbẹ̀ lójoojúmọ́?"

"Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀."

Inú Fadilah dùn dé orí, ó ń jó nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àgbàdo bo ẹnu. "Ẹni yẹn ní iṣẹ́ ń di òun lọ́wọ́ o."

"Mo máa dúró."

"Òjò ń bọ̀."

"Mo máa dúró nínú òjò. Ká ṣáà ti má pe ara wa ní 'ẹ' mọ́."

"O ò lójútì," ni Fadilah wí, ó sì bu àgbàdo tirẹ̀ sí méjì, ó fún un ní èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àjọpín wọlé sí kọ̀m̀pútà Ifo. Fadilah ya ewé mẹ́ta sí ọrùn agbádá kan ní Ibafo, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì jókòó, ó ń gbàdúrà. Fóònù dún. Ohùn bàbá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ la etí rẹ̀.

"Fadilah! Ọnà ti dé! Mi ò rí ẹni tó gbé e wá!"

Fadilah pariwo, Ashraf pariwo, Alhaja sáré wọlé, ó rò pé iná ló jó wọn. Láti ọjọ́ náà ni Alhaji Sàlàkọ́ ti ń pe Ashraf ní "Ẹnjiníà mi". Kò pẹ́ tí Ashraf fi gba oríkì Fadilah lẹ́nu Alhaja, kò sì pè é lórúkọ mìíràn mọ́. Àbẹ̀ní ṣùgbọ́n, Àbẹ̀ní kí ni, Àbẹ̀ní ṣé o ti jẹun. Ìdílé Bádéjọ, àwọn ará ilé Ashraf ní Mowe, ránṣẹ́ sí ìdílé Sàlàkọ́ ní Ifo, wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa wá fojú kan ara wọn. Ayọ̀ ò jẹ́ kí Fadilah rìn mọ́, sísáré ló ń sáré kiri ilé.

Àárín ayọ̀ yìí ni iṣẹ́ Alhaji Mùsáfírù dé. Ará Owódé Ẹ̀gbá ni, wọ́n fẹ́ wé láwàní fún un ní mọ́ṣáláṣí wọn, agbádá funfun ló sì gbé wá. Fadilah ya ọnà tí kò ya irú rẹ̀ rí, ó fi ẹyẹ méjì sí àyà rẹ̀, ìyẹ́ wọn nà dé èjìká. Ọnà náà dé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá ṣí i, ó yìn ín, ó sì tọ́jú rẹ̀ padà bí ó ṣe máa ń ṣe sí gbogbo fáìlì tó bá ṣí. Kò pẹ́ sí i ni Alhaji Mùsáfírù pè. Ó ní ọnà náà dára lójú àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun, àmọ́ òun ò lè gbé ẹ̀dá ẹlẹ́mìí sáyà wọ mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ tí wọ́n ń wé láwàní fún òun. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ewé dípò.

Fadilah yọ àwọn ẹyẹ náà, ó fi ewé sí i, ó tọ́jú rẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀. "Mo ti tún un ṣe, sà."

Alhaji Sàlàkọ́ na aṣọ sínú ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tó kírun dé, ẹyẹ méjì ló na ìyẹ́ lójú àyà agbádá funfun.

Wọn ò lè tú u. Bí wọ́n bá tú òwú, ojú abẹ́rẹ́ ò ní parẹ́ lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀. Bàbá pe Fadilah, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ìyẹn sì burú ju kó pariwo lọ. Ó ní, "O sọ fún mi pé o ti yọ ọ́." Fadilah ní òun yọ ọ́, ó yíjú sí kọ̀m̀pútà tirẹ̀ láti fi hàn. Àwọn ẹyẹ ti padà síbẹ̀ náà. Ewé tó yà ti lọ, kò sí àmì pé ó yà á rí. 

Wọ́n wá aṣọ mìíràn, wọ́n tún iṣẹ́ ṣe, Alhaji Mùsáfírù sì rí agbádá wọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹyẹ yẹn, ó sì sọ̀rọ̀ àbùkù níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Kò tíì sí oníbàárà tó bu Alhaji Sàlàkọ́ kù lójú iṣẹ́ rí.

"Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu," ni Alhaji wí lọ́jọ́ tó pe ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ jókòó. "Irinṣẹ́ ọmọ Bádéjọ yẹn, kó má ṣiṣẹ́ lórí ọnà oníbàárà mi mọ́. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé ẹ̀ kí wọ́n má wá mọ́. Ẹni tí kò lè ṣọ́ ọnà mi, ṣé ọmọ mi ni n ó fà lé e lọ́wọ́?"

Alhaja bẹ̀ ẹ́. Fadilah kúnlẹ̀, ó sunkún. Bàbá dìde, ó lọ síbi ẹ̀rọ rẹ̀. Fadilah mọ̀ pé láìjẹ́ pé bàbá òun bá fọwọ́ sí i, kò sí yìgì tí ẹnikẹ́ni máa so fún òun, òun náà ò sì ní fẹ́ èyí tí bàbá òun ò sí níbẹ̀.

Ó pe Ashraf lórí fóònù, ó sọ ọ́ fún un. 

"Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe irinṣẹ́ yín ló ṣe é?" ni Fadilah bi í. Ó fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò dá mi lójú, Àbẹ̀ní. Mo máa wá a títí mo fi máa rí i. Tó bá jẹ́ àwa ni, mo máa wá sọ ọ́ fún Bàbá fúnra mi."

Fadilah sunkún lẹ́yìn tí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. Ó ti rí ọkùnrin tó lè dáàbò bo ara rẹ̀ rí, kò tíì rí èyí tó lè sọ pé kò dá òun lójú. Ó wá fẹ́ràn rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn ún.

Ashraf kó gbogbo ẹ̀rọ Mùtíù jọ ní Mowe, ó ń ya ẹyẹ, ó ń yọ ẹyẹ. Kò sí èyí tó padà. Ó kó o sí kọ̀m̀pútà àtijọ́ bíi ti Ifo, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lókè òkun náà bá a wá a, wọn ò rí nǹkan kan. Ní Ifo nìkan ló ti ṣẹlẹ̀, Ifo ni wọ́n sì ti ní kó má dé mọ́.

"Èmi á lọ," ni Fadilah wí. "Wọn ò lé èmi."

Ó dé Ifo lọ́jọ́ Sátidé, bàbá rẹ̀ wà níta pẹ̀lú oníbàárà. Fadilah jókòó sídìí kọ̀m̀pútà, ó kó fáìlì àdánwò kan sí i, ó fi fóònù sí etí.

"Ṣí i," ni Ashraf wí. "Má yí nǹkan kan padà. Kàn tọ́jú ẹ̀ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Aago mélòó ló kọ sí i lára?"

"Aago méjì kọjá díẹ̀."

 "Jọ̀ọ́, tún un kà."

"Aago méjì kọjá díẹ̀. Kí ló dé?"

"Àbẹ̀ní, aago méjì òní ò tíì dé."

Fadilah gbójú sókè wo aago ara ògiri. Aago méjì kọjá díẹ̀. Ó wo fóònù rẹ̀, aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá. Ó fi ọwọ́ di ẹnu kó má baà pariwo.

Gbogbo ará Ifo ló mọ aago Alhaji Sàlàkọ́. Láti kékeré ló ti ń ti aago rẹ̀ síwájú kí ìrun má baà ká a mọ́ ẹnu iṣẹ́. Aago ọwọ́, aago ògiri, aago inú mọ́tò, gbogbo wọn ló ń sáré ṣíwájú ti aráyé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ̀, wọ́n máa ń yọ wákàtí kan kúrò kí wọ́n tó ka aago. Fadilah bá a dàgbà, kò sì kà á sí nǹkan mọ́, àfi bí ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lọ ata, tí kì í gbọ́ ariwo ẹ̀rọ mọ́. Kò sẹ́ni tó rò ó pé bàbá ti ti aago inú kọ̀m̀pútà náà síwájú.

"Ashraf! Aago ni! Aago Bàbá ni!"

"Ẹyẹ!" ni Ashraf ń pariwo lọ́hùn-ún. Fadilah gbọ́ bí àga ṣe ṣubú. "Àwọn ẹyẹ, Àbẹ̀ní! Ohun tó gbé wọn padà nìyẹn! Aago ni Àjọpín fi ń mọ fáìlì tó tuntun. Bàbá tọ́jú ẹlẹ́yẹ láàárọ̀, kọ̀m̀pútà wọn kọ wákàtí tí kò tíì dé sí i lára. Ìwọ yọ ẹyẹ kí wákàtí náà tó dé. Ó gbé méjèèjì síra, ó rò pé ti Bàbá ló kẹ́yìn, ó sì fi bo tìẹ mọ́lẹ̀!"

"Tí mo bá ti pẹ́ díẹ̀ kí n tó yọ ọ́ ńkọ́?"

"Kò ní ṣẹlẹ̀. Ìdí tá ò fi rí i nìyẹn!"

Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi ń dà lójú Fadilah. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan dá a dúró. Ta ló máa sọ fún Alhaji Sàlàkọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló ba aṣọ jẹ́?

"Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Ashraf wí. "Irinṣẹ́ tó bá gbẹ́kẹ̀ lé aago nìkan, òmùgọ̀ irinṣẹ́ ni. Àwa la kọ ọ́. A máa tún un ṣe."

Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, kí ẹni tó ni aago náà kàn tún aago rẹ̀ ṣe. Ashraf dá a lóhùn pé kò ṣeé ṣe, àna òun ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n tú irinṣẹ́ náà, wọ́n ṣe é kó má máa wo aago mọ́, kó máa tẹ̀ lé àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe sí fáìlì, bí ọ̀kan ṣe ń tẹ̀ lé èkejì. Bí ẹni méjì bá sì tún ohun kan náà ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kó tọ́jú méjèèjì, kó bi èèyàn léèrè. Lójoojúmọ́ ni Ashraf ń pe Fadilah: ó ti gbà lórí Linux, ó ti gbà lórí fóònù, Windows àtijọ́ ń ṣe orí kunkun, Windows àtijọ́ ti gbà!

Fadilah ò lè fi pa mọ́ fún bàbá rẹ̀ ní tirẹ̀. Ó bá a jókòó lẹ́yìn oúnjẹ, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an. Alhaji gbọ́ ọ tán, ó fọ ọwọ́, ó dìde, ó wọ yàrá lọ. Fadilah ò mọ̀ bóyá òun ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe tàbí òun ti bà á jẹ́ pátápátá.

Ashraf dé Ifo lọ́sàn-án ọjọ́ Mọ́ńdè, kò sẹ́ni tó pè é. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Fadilah, tó wá ran bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, tó ń gé òwú lẹ́bàá fèrèsé, dìde dúró.

"Bàbá, ẹ dákun. Mo wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi wa ni, sà."

"Ẹ̀bi yín?" ni Alhaji wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Irinṣẹ́ wa gbà pé gbogbo aago ayé ń sọ ohun kan náà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. A ti tún un ṣe, mo mú un wá."

"Aago tèmi ńkọ́? Ṣé kí n tún un ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà, sà. Ìrun lẹ ṣe é fún."

Alhaji bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà. "Fadilah ti sọ fún mi. Mo ń retí kí o wá dúró síwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, kí o ní èmi ni mo ba aṣọ ara mi jẹ́."

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Mo rí i." Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́. "Ẹ gbọ́. Aago mi ló gbé ẹyẹ padà sára aṣọ Alhaji Mùsáfírù. Kì í ṣe ọmọ yìí." Ó wá yíjú sí Ashraf. "Dìde. Jẹ́ kí n rí i."

Ashraf gbé irinṣẹ́ tuntun náà sórí kọ̀m̀pútà. Fadilah ya ẹyẹ kan, bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú rẹ̀. Lójú fóònù Ashraf ni Fadilah ti pa ẹyẹ náà rẹ́. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́ kọ̀m̀pútà, orí ń kan orí. Ẹyẹ náà wà níbẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó lọ.

"Ó ti lọ!" ni Fadilah pariwo.

"Ẹ dúró," ni Alhaji wí. "Ti ìjọ́sí náà lọ ní Ibafo kó tó padà. Ẹ jẹ́ ká kírun dé ná."

Wọ́n lọ kírun. Fadilah ò mọ ìgbà tí òun kí tirẹ̀ tán. Nígbà tí wọ́n dé, bàbá ló kọ́kọ́ dé ìdí kọ̀m̀pútà, ó fi ojú sún mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ ki okùn bọ abẹ́rẹ́. Kò sí ẹyẹ. Alhaji Sàlàkọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn Ashraf débi tí ìyẹn fi ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́.

"Mo ní ẹni tí kò lè ṣọ́ ọnà mi, mi ò ní fọmọ fún un. Iyì mi ni ìwọ ṣọ́. Ìyẹn ju ọnà lọ. Kí àwọn ará ilé ẹ máa bọ̀."

Fadilah fò sókè, ó di bàbá rẹ̀ mọ́ra níwájú gbogbo ènìyàn. Nígbà tí ojú rẹ̀ kan ti Ashraf lókè èjìká bàbá rẹ̀, wọn ò lè sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Ilé Alhaji Sàlàkọ́ ní Ifo ni wọ́n ti so yìgì. Àwọn ọkùnrin wà ní pálọ̀ pẹ̀lú Lèmọ́mù, Fadilah wà ní yàrá láàárín àwọn obìnrin, ó bo orí. Àwọn ìyá ti kọ́ ọ. Bí bàbá rẹ̀ bá wọlé wá béèrè bóyá ó gbà, kó dákẹ́, kó tẹ orí ba, ìdákẹ́ ọmọge ni ìdáhùn. Fadilah ní òun ti gbọ́.

Bàbá rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ẹlẹ́rìí méjì. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Fadilah, Ashraf ọmọ Bádéjọ ará Mowe ti—"

"Mo gbà!"

Yàrá dàrú. Alhaja Kúlúsúmù fi ìborùn bo ojú, ẹ̀rín ń gbọn ọ́n. Ẹlẹ́rìí kan ní òun ò rí irú èyí rí. Láti pálọ̀, wọ́n gbọ́ ohùn Ashraf tó ń ké "Alhamdulilahi!" kí Lèmọ́mù tó ní kó jókòó.

Alhaji Sàlàkọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀ títí ojú wọn fi dọ́gba, omi sì ti kún ojú rẹ̀.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ọmọ mi. Ẹnu yìí ni mo fi ní kí wọ́n má wá. Ó yẹ kí n fi ẹnu yìí náà sọ ọ́ parí."

Fadilah tẹ orí ba. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dárúkọ Ashraf, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀, ó sọ sàdáàkì tí wọ́n mú wá, ó bi í bóyá ó gbà pé kí òun fi í fún ọkùnrin náà, kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó parí, Fadilah gbójú sókè.

"Mo gbà, sà," ló wí, jẹ́jẹ́ báyìí. Bàbá rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìgbà díẹ̀, ó dìde, ó sì lọ sọ fún wọn ní pálọ̀.